Fíìmù Tí Mo Túmọ̀ fún Ìyá Mi

Wọ́n tún ní kí n wá túmọ̀ fíìmù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àlùfáà ìjọ wa pè mí lórí fóònù, ó ní àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ wo fíìmù mìíràn nínú gbọ̀ngàn ìjọ, pé kò sí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ bíi tèmi. Mo gbé fóònù náà kúrò létí, mo ń wò ó bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ohùn ara mi ló kó mi nírìíra. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀, tíṣà." Mo pa fóònù.

Kì í ṣe àwàdà. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo dúró pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn, síbẹ̀ bí mo bá rántí, itọ́ á kún mi lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ bì. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń yìn mí fún un. Wọ́n á rí mi lọ́nà, wọ́n á ní, "Tíṣà, ti fíìmù yẹn kò ṣeé gbàgbé." Ìyìn yẹn gan-an ló ń rí mi lára jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama lédè òyìnbó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ mí. Bí àlejò oníwàásù bá wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó, tó bá ń fi òyìnbó wàásù, èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí màá máa sọ ọ́ fún àwọn àgbà lédè wa. Ẹni tó bá mọ ìjọ lọ́dọ̀ wa á mọ̀ pé ògbufọ̀ tó kàn sọ ohun tí oníwàásù sọ kò tíì ṣiṣẹ́ kankan. Bí oníwàásù bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ á sọ mẹ́ta. Bó bá rọra sọ ọ́, ìwọ á pariwo rẹ̀. Bó bá ń mí, ìwọ á bá a fi orin dí i. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn àgbà ìjọ a máa sọ pé àwọn ò mọ̀ bóyá àlejò yẹn tiẹ̀ mọ ìwàásù, pé tíṣà ló wàásù. Ó máa ń dùn mọ́ mi. Kí n tó nàka sí ẹnikẹ́ni, kí n sọ pé lára mi ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá wa ò lọ sílé ìwé. Oko obì ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, obì yẹn ni wọ́n sì fi rán àwa méjèèjì nílé ìwé lẹ́yìn tí bàbá wa kú, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹta ni mo ti ń gbọ́ òyìnbó fún wọn, ní ọsibítù, ní báńkì, níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo bá ní wọ́n sọ ni wọ́n sọ. Màmá kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ju àbúrò mi lọ. Yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ló ti kàwé, físíìsì ló kọ́, nígbà tó sì parí, iṣẹ́ tíṣà ló rí ní Òde-Omi, lọ́hùn-ún létí ọ̀sà. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa á wọ mọ́tò títí mọ́tò á fi sú u, á tún wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Inú gbogbo wa dùn pé ó ríṣẹ́. Fíìmù ni ìfẹ́ rẹ̀ láti kékeré, kì í sì í ṣe fíìmù yòówù. Ti àwọn akọni tó ń fò lójú ọ̀run ni, tí ìbọn ò ràn wọ́n, tí wọ́n á fi ọwọ́ kan dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àgbàlagbà tó ń wo ọkùnrin tó wọ páńtì sórí ṣòkòtò, ṣé kò tó kó gbé ìyàwó báyìí? Á ní, "Àǹtí mi, ẹ ò mọ̀ ni. Àwọn tòde òní ò kàn ń jà. Wọ́n ń sunkún." Mo ní kí wọ́n lọ sunkún lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Nínú òjò ọdún tí mo túmọ̀ fíìmù yẹn ni onílé rẹ̀ pè mí láti Òde-Omi. Ó ní tíṣà ò jáde fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, pé àwọn ará ilé ìwé rò pé ó rìnrìn àjò ni. Mo gbọ̀nà lọ́jọ́ kejì. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò ní purọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe àánú. Ìríra ni. Yàrá náà ń rùn. Abọ́ ẹ̀bà kan wà nílẹ̀ tó ti bu, ẹja yíyan wà nínú ọ̀rá, ìdin ti bò ó. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ò tíì fomi kan ara láti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nìkan ló mọ́ nínú gbogbo yàrá. Mo fi etí gèlè mi bo imú, ó sì rí mi. Ó wò mí díẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

Mo ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Ó ní, "Ó rẹ̀ mí, àǹtí mi."

"Iṣẹ́ wo lo ṣe tó fi rẹ̀ ẹ́?"

Ìbéèrè tí mo bi ọmọ ìyá mi nìyẹn, èmi tí wọ́n ní mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo palẹ̀ yàrá mọ́, mo wẹ̀ fún un bí ẹni wẹ ọmọ, mo sì mú un délé. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wo omi. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú títí a fi gúnlẹ̀, nítorí bó ṣe ń wo omi yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Awakọ̀ náà ní, "Mà, ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣọmọdé." Mi ò fi í sílẹ̀.

Nílé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni màmá ń bi: "Ta ló ṣe é fún un?" Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Dókítà bá a sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, ó sọ fún mi pé ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, pé oògùn wà fún un, àti pé àwọn tó wà nílé gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe é, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Mo sọ ọ́ fún màmá. Wọ́n fọwọ́ kan ọrùn ọmọ wọn, ọrùn ò gbóná. Wọ́n ní, "Àìsàn wo ni kì í gbóná?" Àwọn èèyàn ìjọ ń wá kí wa. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ ohun tí mo sè, ojú wọn á máa wá yàrá tó wà. Bí wọ́n bá jáde, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu géètì. Irú àwọn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má tilẹ̀ wá.

Bí oògùn ṣe ń wọ̀ ọ́ lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde síta díẹ̀díẹ̀. Ó ń bá màmá bó obì, láìsọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní àwọn fẹ́ ṣe fíìmù wíwò lọ́sẹ̀ ìkórè, kí àwọn àgbà náà wá, kí n wá máa túmọ̀. Àlùfáà ní kí n bi àbúrò mi bóyá ó ní fíìmù tó dára, nítorí gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n sí oní-fíìmù.

Ọjọ́ kẹta tí mo bi í ló wá bá mi nílé ìdáná. Ó fara ti ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí mi, mo ti rí fíìmù tí wọ́n máa wò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi mú màmá wá."

Mo ní, "Màmá wo? Màmá tó ní àwọn tó ń fò nínú tẹlifíṣọ̀n, àjẹ́ ni wọ́n?"

"Ẹ mú wọn wá. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe wà. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún wọn, ẹnu mi ò gbé e. Akọni yẹn ló sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe mí gẹ́lẹ́."

Láti Òde-Omi, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo ní màá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Mo búra fún un ni, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí láti bí oṣù mélòó kan, ó sì mú ẹran kan jẹ nínú ìkòkò bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n ti fi ẹ̀wù dúdú àwọn akọrin dí gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn kí òkùnkùn lè wà, ooru sì mú wa bí ẹni wà nínú ààrò. Àwọn ìyá ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà. Màmá wọ aṣọ ìsìn wọn, wọ́n jókòó síwájú gan-an, àbúrò mi jókòó tì wọ́n. Ó ti fá irùngbọ̀n. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ń fi àwòrán hàn lára rẹ̀, máìkì wà lọ́wọ́ mi, àlùfáà jókòó lẹ́yìn mi.

Fíìmù náà dá lórí ọkùnrin kan tí iná ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé bá ń wó, á fi èjìká gbé e dúró. Bí wọ́n bá yìnbọn fún un, ọta á kàn máa bọ́ sílẹ̀ bí àgbàdo. Ara mi yá. Nígbà tó sọ fún olè kan pé kó dúró, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ. Èmi ní, "Dúró níbẹ̀, olórí burúkú! Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ lónìí, iná ni wàá fi jẹun alẹ́!" Gbọ̀ngàn hó. Àwọn bàbá ń lu àga. Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi wò mí, ó mi orí díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni fíìmù náà yí padà. Ọkùnrin yẹn gba ọkọ̀ ojú irin kan tó kún fún èrò là, gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó délé, ó wọ balùwẹ̀ tòun ti aṣọ akọni lọ́rùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí omi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ń wa takisí, tí akọni yẹn ti gbà là nígbà kan rí, wá wò ó. Ó kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà dá a lóhùn láti inú. Mo gbọ́ ọ yékéyéké, mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ kú, òun kàn fẹ́ kí ohun tó ń pariwo nínú òun dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kó má bá òun sọ̀rọ̀, kó má sì lọ, kó jókòó síbẹ̀.

Àlùfáà fọwọ́ kan èjìká mi, ó sọ sí mi létí pé, "Mà, ẹ má sọ ìyẹn fún wọn o. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbí. Ẹ fi Jésù sí i."

Àyè tí mo ní ò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Mo wo iwájú. Àbúrò mi ti na ọrùn síwájú lórí àga, kì í sì í ṣe fíìmù ló ń wò. Ojú màmá ló ń wò. Ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn.

Mo gbé máìkì sẹ́nu. "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀mí òkùnkùn kan ti wọnú mi! Àwọn ayé ti gba ògo mi!"

Gbọ̀ngàn ké, "Jésù!"

Nínú fíìmù, obìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó pa ẹnu dé. Wọ́n fi í hàn bẹ́ẹ̀ pẹ́, títí ilẹ̀ fi mọ́ lójú fèrèsé. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú iṣẹ́ tèmi. Ògbufọ̀ tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo bá ń bá obìnrin yẹn gbàdúrà. Mo dè, mo tú, mo lé ẹ̀mí burúkú lọ sínú òkun, òógùn ń ro lára mi, gbọ̀ngàn sì ń ṣe àmín bí ẹni ń la igi. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ṣí ilẹ̀kùn tó sì fi orí lé èjìká obìnrin náà, mo ní, "Ó ti bọ́! Ẹ̀mí náà ti jáde!" Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń jó. Àlùfáà gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó pe àwọn tí nǹkan ń dà láàmú pé kí wọ́n jáde síwájú.

Inú mi dùn. Kí n sọ ọ́, kí ẹ lè bá mi kórìíra rẹ̀: fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, inú mi dùn. Mo ti mi gbogbo ilé. Ìgbà tí mo wá wo ibi tí àbúrò mi wà ni mo rí i pé ó ti jókòó padà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Màmá ti di apá rẹ̀ mú, wọ́n ń fà á dìde lọ síwájú.

Lọ́nà ilé ni màmá ti sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó lágbára tó yẹn, ẹ̀mí òkùnkùn ni. Àdúrà ló tú u sílẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti rí ilé àdúrà kan nínú igbó, lẹ́yìn Òrù. Àlùfáà sọ pé òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo lè dá a dúró. Gbólóhùn kan péré ni: màmá, irọ́ ni mo pa, ohun tí ọkùnrin yẹn sọ kọ́ nìyẹn. Mo gbé e dé ètè mi, mo sì rántí bí gbogbo ìjọ ṣe ń kí mi, mo gbé e mì. Mo ní wọ́n á kàn gbàdúrà fún un ni, ta ni àdúrà ń pa?

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa mú un lọ, ó wọlé tọ̀ mí wá.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ohun tó sọ nínú balùwẹ̀ yẹn?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?"

Mo ní àlùfáà ni. Mo ní àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Ó dúró títí mo fi parí, ó ní, "Ó dáa, mà," bí ẹni ń bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì lọ wọ mọ́tò fúnra rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà lórí tábìlì. Wọ́n ní wọn kì í gba oògùn wọ ilé àdúrà.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló lò níbẹ̀ kí n tó lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ní ká má tíì wá, pé iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo fi kíláàsì mi sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà. Ilé gígùn kan ni, páànù ni òrùlé rẹ̀, kò ní fèrèsé. Òórùn tó jáde pàdé mi kọjá ti yàrá Òde-Omi, lọ́jọ́ yẹn mi ò bo imú. Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́ igi nílẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ó ń ṣe ọyún. Ààwẹ̀ ni wọ́n fi í sí, omi nìkan. Wòlíì tó ni ibẹ̀ jókòó lábẹ́ igi, ó ń tẹ fóònù. Ó ní ẹ̀mí tó wà lára ọmọ náà le, pé bí àwọn bá nà án, kì í sunkún.

Mo lọ sẹ́yìn ilé náà, mo bì. Gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀ ló jáde. Wòlíì yẹn kó mi nírìíra, àlùfáà wa kó mi nírìíra, àwọn tó ń jó nínú gbọ̀ngàn kó mi nírìíra. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ̀ síbẹ̀ tí mo ń bì, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́, tó ń dè, tó ń tú. Wòlíì kàn ṣe ohun tí mo sọ nínú máìkì ni.

Mo padà síwájú, mo pariwo. Mo ní bí wọn ò bá tú u, màá kó ọlọ́pàá wá, màá kó àwọn oníròyìn wá, màá sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi dé. Ohùn tí mo ní kì í ṣe kékeré, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nínú ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi pariwo. Wòlíì ní kí wọ́n tú u, kí n gbé ẹ̀mí èṣù mi lọ.

A dé ilé lọ́sàn-án. Màmá jókòó lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó obì. Wọ́n rí ẹsẹ̀ ọmọ wọn. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Kí rèé? Ẹni mo ní kí wọ́n mú yún gbàdúrà, kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo rò pé kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ó wá yíjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó sọ̀rọ̀. Kò wo màmá rárá. Ó sọ gbólóhùn kan, ó dúró. Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ gbólóhùn kan fún gbólóhùn kan, mi ò gbé ohùn sókè.

Mo ní, "Ó ní ó ti rẹ òun láti bí ọdún méjì."

Mo ní, "Ó ní nígbà tí òun wà ní Òde-Omi, òun máa ń dúró létí omi, òun á máa ronú láti wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ kú. Ó ní òun fẹ́ kí ohun tó ń pariwo nínú òun dákẹ́."

Ó dúró pẹ́ kó tó sọ èyí tó kù, èmi náà sì dúró.

Mo ní, "Ó ní kí ẹ má ṣe gbàdúrà fún òun báyìí, màmá. Ó ní kí ẹ jókòó ti òun."

Màmá wo ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

"Ohun tí ọkùnrin inú fíìmù yẹn wí rèé."

Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ẹ̀ kì í ṣe ojú ẹni tí ẹ̀mí èṣù gùn. Àárẹ̀ ni mo rí níbẹ̀. Obìnrin tó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹnu ẹ̀ pa dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ lo ń gbàdúrà."

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo ní, "Ẹ rí i, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mú un lọ?"

Màmá ní, "Ìwọ lo gbọ́ òyìnbó, ọmọ mi. Mo ní ojú mi ló ń tàn mí."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n lọ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi, wọ́n sì jókòó. Wọn ò gbàdúrà, wọn ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó fi orí lé itan wọn. Mo dúró sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mi ò mọ ibi tí èmi máa jókòó sí.